ÌMỌ̀ Ẹ̀RỌ: Irin Kékeré Tí Ó Wà Lókè Ẹnu Ìbọn

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dá lóhùn lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti pẹ́ ní agbègbè Alessandria níhìn-ín, tí wọ́n sì ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ní irin ìwò iwájú ìbọn ráífù àwọn ti já sọ́nù sínú igbó. Irú ráífù tí ó ní ọwọ́ irin lábẹ́ ni, èyí tí a ń já sísàlẹ̀ tí a sì ń dá padà kí ọta mìíràn tó wọlé. Wọ́n béèrè pé, nínú oríṣiríṣi irin ìwò tí àwọn ń rí lórí àtẹ, èwo ni kí àwọn rà?

Ẹ̀gbọ́n, ìdáhùn mi kò gùn: ẹ má tíì wo ẹwà rẹ̀, ẹ má tíì wo àwọ̀ rẹ̀. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n kí àwọn tí kò di ìbọn mú rí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé.

Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń lò nílé, ọ̀pọ̀ ọta wẹ́wẹ́ ni í tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọdẹ a sì sún mọ́ ẹran kí ó tó yìn ín. Bí ojú ọdẹ bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọta náà lè ba ẹran. Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ni í jáde, ó sì ń lọ jìnnà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi irin méjì sórí ọ̀pá rẹ̀: ọ̀kan wà lọ́hùn-ún ẹ̀yìn, tí ó ní àlàfo láàárín, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní tacca di mira, èkejì dúró lókè ẹnu ìbọn, òun ni wọ́n ń pè ní mirino. Ayìnbọn yóò wo inú àlàfo ti ẹ̀yìn, yóò gbé ṣóńṣó ti iwájú sí àárín rẹ̀, yóò sì gbé e lé ibi tí ó fẹ́ kí ọta bà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní agbègbè wa. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó pọ̀ lórí àwọn òkè Piedmont. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, òkú ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan tí wọ́n rí ní Ovada, ní ìpínlẹ̀ Alessandria, ni wọ́n fi mọ̀ pé ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti Áfíríkà ti wọ ibẹ̀. Àrùn náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n a máa pa ẹlẹ́dẹ̀ ní ìpakúpa, òkú tí ó bá sì wà nínú igbó a máa ràn án ká. Ẹran tí ọta bà ní ibi tí kò yẹ yóò sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, tàbí kí ó yí padà kọlu ajá àti ọdẹ. Ọta tí ó bá tàsé pátápátá ńkọ́? Ó lè bá ẹni tí ó wá ṣa olú jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Irin kékeré yìí ni ojú ráífù.

Ó wá ku gíga. Bí irin iwájú bá ga jù, ọta yóò bọ́ sísàlẹ̀. Bí ó bá kúrú jù, ọta yóò lọ sókè. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká ní 50 sẹ̀ǹtímítà ni ó wà láàárín irin ẹ̀yìn àti ti iwájú, tí ibi tí a ń yìn sí sì jìnnà tó 50 mítà. Ìlọ́po 100 ni èyí. Nítorí náà, mìlímítà 1 péré lórí irin iwájú yóò di sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́hùn-ún. Bí ọta bá ń lọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15, irin tí ó fi mìlímítà kan àtààbọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ ni ẹ nílò.

Nígbà tí ti àtijọ́ ti sọnù, tí ẹ kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ra èyí tí ó ga díẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ sọ irin ẹ̀yìn kalẹ̀ sí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó kéré jù, kí ẹ yìn ín ní pápá, kí ẹ sì máa fi fáìlì fá orí ti iwájú díẹ̀díẹ̀ títí ọta yóò fi gòkè dé ibi tí ẹ fẹ́. Fáìlì lè dín irin kù, kò lè fi kún un.

Lẹ́yìn gíga ni ìdí rẹ̀. Àwọn kan jókòó lórí pèpéle tí a fi síkúrù dè mọ́ ọ̀pá ìbọn. Àwọn mìíràn wọ inú kòtò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ráífù Amẹ́ríkà, kòtò yìí fẹ̀ tó mìlímítà 9.5, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, nítorí náà ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ń ka ìwé ọjà Amẹ́ríkà, ẹ rántí pé ínṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Ẹ kò tilẹ̀ ní láti wá ọjà lọ sí Amẹ́ríkà: ní Gardone Val Trompia, ní ìpínlẹ̀ Brescia, ni ilé iṣẹ́ Uberti, tí a dá sílẹ̀ ní 1959, ti ń rọ àwòkọ Winchester ti 1866 àti ti 1873 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ń rà.

Nísinsìnyí ni a tó lè sọ ti àwọ̀ àti ìrísí. Èyí tí orí rẹ̀ rí bí ìlẹ̀kẹ̀ idẹ dára nínú igbó, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìhà yẹn nìkan ni yóò máa dán, ojú yóò sì tẹ̀ lé e. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kò fi bẹ́ẹ̀ tan ni jẹ. Èyí tí ó ní ọ̀pá ike pupa tàbí aláwọ̀ ewé a máa hàn kedere ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ike rẹ̀ lè ṣẹ́. Pẹlẹbẹ dúdú ló yẹ ẹni tí ń yìn sí bébà. Ẹ wo ìbú rẹ̀ pẹ̀lú: bí irin iwájú bá jìnnà sí ojú yín ní 80 sẹ̀ǹtímítà, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 1.6 yóò bo sẹ̀ǹtímítà 10 ní 50 mítà, ti mìlímítà 2.4 yóò sì bo 15. Èyí tí ó tóbi yá ojú láti rí. Èyí tí ó kéré ṣe pàtó jù. Fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí ń sáré nínú igbó dídí, èmi yóò mú funfun tí ó tóbi.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tú gbogbo ọta jáde, kí ẹ sì wo inú ìbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi igi há ọ̀pá rẹ̀ nínú fáìsì, kí ẹ fi irin idẹ àti òòlù rọra gbá a wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Bí ọta bá ń yà, òfin kan ni ẹ óò rántí: irin iwájú a máa tẹ̀lé àṣìṣe. Bí ọta bá yà sí ọ̀tún, ẹ tì í sí ọ̀tún. Bí ó bá yà sí òsì, ẹ tì í sí òsì. Bí kòtò náà kò bá gbà á, ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ fúnra yín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ wà lórí ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o: ẹ lè ṣe ìṣirò yìí fún ọdẹ tí ó bá béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ìbọn ẹnikẹ́ni mú sílé láìní ìwé àṣẹ láti Questura. Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ bá ti yìn ín ní pápá, ẹ fi ibi tí ọta bà ránṣẹ́ sí mi ní sẹ̀ǹtímítà, kí a jọ ṣírò iye tí ẹ óò fá kúrò.