Ẹ Béèrè Ìdí Rẹ̀ Lọ́wọ́ Wọn

Manchester, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Ẹdẹ,

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tíṣà ló mú mi kọ̀wé, pàápàá sí ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tí ẹ ń wá iṣẹ́ lọ wá iṣẹ́ bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àbèèrè.

Ẹ rántí oṣù Bélú ọdún 2022. Kò pẹ́ tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè, ọmọ ìlú wa, gorí àlééfà tí àṣẹ fi jáde pé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù Agẹmọ ọdún náà ti di òfo. Olùkọ́ 1,500 wà lára àwọn tó kàn. Ẹlòmíì ní ìjọba tó ń lọ kò yẹ kó máa kó èèyàn síṣẹ́ lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi nínú ìbò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣe ìdánwò, tó yege, tó gba lẹ́tà, kí ló kàn án nínú ìjà olóṣèlú? Mo gbọ́ táwọn kan nílé ń sọ pé ká má sọ̀rọ̀, ìjọba tiwa ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ta ni yóò gba ọmọ Ẹdẹ sílẹ̀?

Òfin ló yẹ kó gbà wá, kì í ṣe ẹni tó wà lórí àlééfà. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà kò gbà kí ìjọba fi ìlú abínibí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí jíjẹ́ obìnrin du ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe ọdún 2010 sì gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, tó bá ti jẹ mọ́ iṣẹ́, lé Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ẹ̀rí ṣe ń gbèjà ẹni: ọmọ Gánà kan tó jẹ́ tíṣà níbí wá iṣẹ́ dé ilé-ìwé kan, wọn kò gbà á. Ó béèrè ohun tí àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kọ sílẹ̀, torí òfin fún un láṣẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì tí wọ́n fún un lórí ìṣirò tó kọ́ àwọn ọmọ, ẹnìkan fi bírò kọ ọ́ pé ohùn rẹ̀ kò ní yé àwọn òbí. Ìwé pélébé yẹn ló gbé lọ sílé ẹjọ́. Lábẹ́ òfin ìdọ́gba ọdún 2010 ti ibí, bí ẹ̀rí ẹni tó pẹjọ́ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, agbanisíṣẹ́ ló kù tí yóò wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ìjọba ibí náà gbìyànjú láti dí ọ̀nà: láti 2013 wọ́n ń gba owó tó tó £1,200 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó bá pẹjọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fagi lé owó náà ní 2017.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú èsì ìdánwò, lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Bí wọn kò bá gbà yín, ẹ kọ̀wé béèrè ìdí, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́: agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ràn láti sọ pé oṣù 3 tí ẹ fi lè pẹjọ́ ti kọjá. Ẹ kó ara yín jọ lọ bá lọ́yà kan ṣoṣo. Bí owó rẹ̀ kò bá pé, ẹ fi tó àwa ọmọ Ẹdẹ tó wà níbí létí, a ó dá a.

Èmi ni ọmọ yín,
Tíṣà ní Manchester