Ẹ̀kọ́ ni kí ó ṣíwájú ẹ̀rọ ínsúlínì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí n sọ tẹnu mi lórí àwọn ọmọdé tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé àgbàlagbà nìkan ló ń ṣe, tàbí pé ṣúgà àlájẹjù ló ń fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lára ọmọdé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnu ọmọ. Ara rẹ̀ ni kò lè ṣe ínsúlínì mọ́, kò sì lè wà láàyè láìsí i. Ọmọdé náà ni Leonard Thompson, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní Toronto, ní Kánádà, lóṣù kìíní ọdún 1922. Ó tún lo ọdún 13 láyé. Ṣáájú ìgbà náà, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ọmọ lè so mọ́ ìbàdí, tí yóò máa fún un ní ínsúlínì díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní London ń lo ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ la fi ń gún tèmi níbí. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé bí ìjọba bá lè kó ẹ̀rọ yìí wá, ìyà àwọn ọmọ wa ti parí. Èmi ò gbà.

Ẹ̀rọ kò mọ ìwọ̀n ẹ̀bà tí ọmọ fẹ́ jẹ. Ènìyàn ni yóò ṣírò rẹ̀ fún un. Okùn rẹ̀ lè dí, ó sì lè yọ. Ínsúlínì inú rẹ̀ kì í pẹ́ lára. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, láàárín wákàtí mélòó kan, oró lè gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ọmọ máa bì, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ìyá bá pè é ní ibà, tí kò tètè fún un ní abẹ́rẹ́ kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó lè pàdánù ọmọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn òbí rẹ̀, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́.

Àwa ńkọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n rí àrùn yìí lára ọmọ mi, ìwé oògùn ni wọ́n kọ fún mi, wọ́n sáré sọ òyìnbó díẹ̀, ó parí. Níléèwé, tíṣà rí i tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí kò lè dáhùn ìbéèrè. Ẹgba ló nà án! Ṣúgà ara rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Omi ṣúgà tàbí ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò ni ìbá fún un. Bí ọmọ bá ti dákú ṣá, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan sí i lẹ́nu o. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Nítorí náà, mo bẹ ìjọba: kí ilé ìwòsàn má ṣe dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sílé títí ìyá rẹ̀ yóò fi lè gún abẹ́rẹ́, kí ó sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ ọ. Kí tíṣà méjì, ó kéré tán, mọ̀ nípa rẹ̀ níléèwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ mu omi, kó sì jáde lọ tọ̀ nígbà tó bá fẹ́. Ẹ̀yin òbí, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí àdúrà tàbí àgbo dá abẹ́rẹ́ dúró.

N kò kórìíra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wọ́n, ẹ̀kọ́ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté-ilé pe ológbò níjà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ra wa ná.

Ire o.

Ìyá ọmọ kan,
Òṣogbo.