Epo Tó Sùn Sínú Ẹ́ńjìnì

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé, "Àwa ò lọ́kọ̀ ojú omi, kí ló kàn wá?" Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́yìnkùlé yín, tàbí kẹ́ẹ̀gì epo kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ìyá kan wà tí mo mọ̀ níbí ní Accra, ọmọ Gã, tó ń yan ẹja tà ní Chorkor. Awo ni mo máa ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gã ń pe ìyá. Òun náà kì í pe orúkọ mi. "Alata" ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá níbí. Àní ọṣẹ dúdú wa, "alata samina" ló ń jẹ́ lọ́jà wọn. Awo ló ni ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ńlá kan àti ẹ́ńjìnì tó ń tì í. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fi í pẹja.

Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba Ghana ti òkun pa fún àwọn apẹja ọlọ́pẹ̀ẹ́rẹ́ láti ọjọ́ 1 títí dé ọjọ́ 31, bí wọ́n ti ṣe láwọn ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, kí ẹja lè ráàyè yé, kí wọ́n sì pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ Awo fa ọkọ̀ gòkè, wọ́n tú ẹ́ńjìnì, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, wọ́n sì da tapólì bò ó. Epo ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òkun ṣí, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kó ẹja bọ̀, tiwọn kọ̀, kò jí. Wọ́n fa okùn títí apá fi ro wọ́n. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi jókòó sétí òkun, tòun ti gbèsè àwọ̀n tuntun lọ́rùn Awo.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú kàbúrétọ̀, ohun tó bá níbẹ̀ dà bí oje igi. Ó ti ki, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ló fà á? Epo bẹntiróò kì í dúró bó ṣe wà. Apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, èyí tí iná máa ń tètè ràn, a máa fẹ́ lọ. Èyí tó bá kù á wá máa ki, á di bí àtè. Ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kàbúrétọ̀ sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Àtè díẹ̀ ti tó láti dí i. Ní etíkun Ghana, premix ni wọ́n ń lò, ìyẹn bẹntiróò tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́, tí ìjọba ń fowó kún kó lè rọ apẹja lọ́rùn. Bí bẹntiróò bá fẹ́ lọ, ọ́ìlì kì í bá a lọ. Á jókòó síbẹ̀.

Omi náà tún wà ńbẹ̀. Táǹkì tí kò kún, afẹ́fẹ́ ló gba ìyókù rẹ̀, afẹ́fẹ́ etí òkun sì máa ń ní omi nínú. Bí ara táǹkì bá tutù lóru, omi á sẹ̀ sínú rẹ̀ bí ìrì, á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ epo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, tẹ́ ẹ ń gbé ẹ̀rọ ìgékoríko pa mọ́ nígbà òtútù, tiyín tún le sí i: láti oṣù kẹsàn-án 2021, E10 ni bẹntiróò tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, ethanol tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń fa omi mọ́ra.

Lóòótọ́, ní 2025, ìjọba yọ àwọn ọlọ́pẹ̀ẹ́rẹ́ kúrò nínú òfin oṣù keje yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ló ń dá ẹ́ńjìnì dúró. Premix lè wọ́n, àwọ̀n lè ya, ara ọ̀gá ọkọ̀ lè má yá. Ohunkóhun tó bá máa mú un sinmi ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ múra ìsinmi náà sílẹ̀ báyìí:

Èkíní, bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, ẹ má ra epo púpọ̀ mọ́. Ẹ lo èyí tó wà nílẹ̀.

Èkejì, ẹ gbé ẹ́ńjìnì sínú dírọ́ọ̀mù omi tí kò níyọ̀, kí ibi tó ti ń fa omi rì dáadáa. Ẹ tan án ní gbangba ìta, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani nínú ilé. Ẹ yọ rọ́bà epo lára rẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Omi yìí á fọ iyọ̀ kúrò, epo inú kàbúrétọ̀ á sì tán. Ẹ má tan án láìsí omi láé. Kò ní pẹ́ tí pọ́ǹpù omi rẹ̀ á fi jóná.

Ẹ̀kẹta, bó bá ti tutù, ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ kàbúrétọ̀, kí ẹ̀kán tó kù jáde. Ẹ yẹ asẹ́ epo wò, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí rọ́bà epo bá ti sán, ẹ pààrọ̀ òun náà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀ síbẹ̀, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà. Ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ dípẹtà.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ da epo inú táǹkì jáde, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ sì dé e. Inú òòró ni kẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnì sí, ẹ má tẹ́ ẹ sórí yanrìn.

Ti jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ kì í sábà tàn kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹ ti ẹnu epo rẹ̀, kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú.

Àmọ́, níbo ni epo tí a dà jáde ń lọ? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun Awo jù nìyẹn, ó ju ẹja ọjọ́ márùn-ún lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ da premix díẹ̀ sínú ìgò omi, ó gbé e sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ Awo, ọmọ ọdún mẹ́ta, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé e mu. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àgbàlagbà kan ti gbé epo pupa dé láti rọ ọ́ lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé lójúlé kejì ló sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́ta nílé ìwòsàn, ó ń wúkọ́. A dúpẹ́, ó padà wálé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ "epo" lédè wa. Epo pupa, epo bẹntiróò, epo kẹrosíìnì: orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ọ̀rọ̀ ìparí nìkan la fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Nílé, a tún máa ń gé ìparí náà kúrò: "Bá mi gbé epo wá." Àgbà mọ èyí tí à ń wí. Ọmọdé ò mọ̀. Ìgò lòun ń wò.

Nítorí náà, ẹ má da bẹntiróò sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà láé. Kẹ́ẹ̀gì tó wà fún epo nìkan ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kọ orúkọ sí i lára, kẹ́ ẹ má kún un dẹ́nu, kẹ́ ẹ sì gbé e síta lábẹ́ ibòji, níbi tọ́wọ́ ọmọ ò lè tó. Kó jìnnà sí ààrò. Ooru bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá bá lọ, ó sì lè lọ bá iná níbi tẹ́ ò rò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo láti inú táǹkì.

Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì. Bó bá ń bì, epo náà lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún àwọ̀n ṣe, àwọn ọmọ Awo fọ ẹ́ńjìnì náà, wọ́n fa epo inú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé e sinmi. Nígbà tí iṣẹ́ padà dé, okùn ẹ̀ẹ̀kejì ló fi jí. Awo pè mí láti etí òkun kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ lọ yẹ ẹ̀yìnkùlé yín wò lónìí. Ó dìgbà kan ná.