"Àìsàn ráńpẹ́" kọ́ ló pa wọ́n

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni tòní, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ má fò ó kọjá. Ó kàn yín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" la kọ sínú ìwé ìsìnkú wọn. Irọ́ ni. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀yìn ń ro àwọn, tí a ń fi ìpara ra á. Jẹjẹrẹ prostate ni, ó ti wọ eegun. Nígbà tí a mọ̀, a fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wọn ọkùnrin. Ìpamọ́ yẹn ni mò ń bá jà lónìí.

Prostate ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní HOXB13. Ẹbí HOX yìí dà bí ọ̀gá bíríkìlà nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún: orí níbí, àyà níbí, ìdí lọ́hùn-ún. Apá ìsàlẹ̀ ni HOXB13 ń mójú tó, ó sì lọ́wọ́ nínú bí prostate ṣe ń dàgbà. Bí ọkùnrin tilẹ̀ dàgbà tán, jíìnì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí àṣìkọ bá wọ inú rẹ̀, ewu ń bẹ. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ kéde ọ̀kan, G84E, láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù. Àwa náà ní tiwa, X285K. Wọ́n ti rí i lára àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, ní Martinique àti ní Amẹ́ríkà. Ibi tó yẹ kí àkọsílẹ̀ jíìnì náà parí sí, kò dúró níbẹ̀ mọ́, ó ń lọ bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Jẹjẹrẹ àwọn tó ní i sábà máa ń tètè dé, ó sì máa ń le.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àṣìkọ yìí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate láàárín wa kò tọwọ́ rẹ̀ wá, ẹni tó ní i pàápàá lè má ṣàìsàn rárá. Kì í ṣe èpè, kò sì sí àgbo tó ń fọ̀ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n ìyá náà lè fi í fún ọmọ! Obìnrin kò ní prostate, síbẹ̀ ó lè jogún àṣìkọ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kí ó sì gbé e fún ọmọkùnrin rẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá bi yín léèrè, ẹ má ka ilé bàbá nìkan. Bàbá ìyá yín ńkọ́? Àwọn arákùnrin ìyá yín ńkọ́?

Ẹgbẹ́ American Cancer Society ní kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ní ẹni ọdún 45. Bí ìbátan tímọ́tímọ́ tó ju ẹyọ kan lọ bá ti ní i lọ́jọ́ orí kékeré, kó jẹ́ 40. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò PSA. Bí ó bá ga, kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ dandan, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó síwájú.

Mo pe àkọ́bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti pé 47. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ láti ìgbà yẹn?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la jọ ń lọ.