Ní ti Igbó àti Omi Ilẹ̀ Swítsàlandì

Àwọn tí wọ́n ti rìnrìn-àjò dé ilẹ̀ Swítsàlandì, tí wọ́n sì padà wá ròyìn, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ: pé odò ibẹ̀ mọ́ gaara, pé igbó kún ẹ̀gbẹ́ òkè, pé kò sí pàǹtí lójú títì, àti pé ènìyàn lè lúwẹ̀ẹ́ láìbẹ̀rù nínú odò Rhine níbi tí ó gbé la ìlú Basel já. Òtítọ́ ni ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbọ́ ọ a máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tàbí pé owó nìkan ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ilẹ̀ náà ti pa igbó rẹ̀ run rí, ó ti ba omi rẹ̀ jẹ́ rí, kò sì tún èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe àfi ìgbà tí ìyà ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí ó ti ṣe tún un ṣe yẹ ní mímọ̀ fún àgbẹ̀. Ibi tí ìtọ́jú náà pin sí sì yẹ ní mímọ̀ pẹ̀lú.

Àárín Yúróòpù ni Swítsàlandì wà, kò sì ní etí òkun. Àwọn òkè Alps ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù, òjò-dídì a máa bo orí àwọn òkè náà, nígbà mìíràn a sì máa ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a gbé ilé, ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn lọ. Igbó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè ni odi tí ń dá a dúró. Àwọn ará abúlé Andermatt mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1397 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi nínú igbó tí ó wà lókè abúlé wọn. Ẹni tí ó bá mọ igbó orò ilẹ̀ Yorùbá, tí a kì í ti ibẹ̀ ṣẹ́gi, yóò mọ irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi pé kì í ṣe nítorí orò ni ti Andermatt. Kí òjò-dídì má bàa bo ilé wọn mọ́lẹ̀ ni.

Níbi púpọ̀ mìíràn kò sí èèwọ̀ kankan. Àwọn tí ń yọ́ irin àti àwọn tí ń ṣe dígí ń gé igi láti fi ṣe èédú. Àwọn ará abúlé ń gé e fún ilé kíkọ́ àti ìdáná. Àgùntàn àti ewúrẹ́ sì ń jẹ èyí tí ó bá tún hù. Àgbẹ̀ tí ewúrẹ́ bá ti wọ oko rẹ̀ rí kò nílò àlàyé. Nígbà tí ó fi di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹ̀gbẹ́ òkè púpọ̀ ti pá. Ìjọba rán Elias Landolt, olùkọ́ nípa iṣẹ́ igbó ní Zürich, kí ó lọ wo igbó àwọn òkè náà. Nínú ìròyìn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1862, ó wí pé igi tí a ń gé ju èyí tí ń hù lọ. Wọ́n ka ìwé rẹ̀, wọ́n sì fi í pamọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ ní ilẹ̀ gbogbo. Ní ọdún 1868 ni òjò ńlá rọ̀ sórí àwọn òkè náà, tí omi kò sì rí gbòǹgbò tí yóò dá a dúró. Ó wó afárá, ó gbá oko lọ, nǹkan bí 50 ènìyàn sì kú. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1876, òfin igbó jáde.

Òfin náà kò gùn ní ọ̀rọ̀: igbó kò gbọdọ̀ dín kù. Orí àwọn òkè ni ó kọ́kọ́ mú, ṣùgbọ́n ní ọdún 1902 ó mú gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣán igbó kúrò, ìbáà jẹ́ igbó baba rẹ̀, ó níláti gba àṣẹ, bí a bá sì fún un, ó níláti gbin igi mìíràn dípò rẹ̀. Ìjọba kò sì kàn fi òfin lélẹ̀ kí ó lọ sùn. Ó yan àwọn olùtọ́jú igbó, ó sì fi owó ṣèrànwọ́ fún igi gbígbìn lórí òkè. Lónìí, igbó bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ náà. Òtítọ́ kan wà tí àwọn tí ń yin òfin yìí kì í sábà fi kún un: ní ìgbà kan náà ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí kó èédú ilẹ̀ wọlé láti ilẹ̀ mìíràn, tí ènìyàn púpọ̀ sì ń fi iṣẹ́ darandaran orí òkè sílẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí kò bá sí ohun mìíràn tí wọn ó fi dáná, bóyá òfin náà ìbá ti di ìwé lásán. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá igigígé dúró níbikíbi, kí ó kọ́kọ́ wo inú ilé ìdáná.

Ti omi pẹ́ ju ti igbó lọ. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé àti ilé-iṣẹ́ ń pọ̀, omi ẹ̀gbin wọn sì ń ṣàn tààrà sínú odò àti adágún. Ewé àti ìfófó bo ojú omi, a sì fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ níbi púpọ̀. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1963, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní táífọ́ọ̀dù, bẹ́ sílẹ̀ ní Zermatt, ìlú orí òkè tí àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ń lọ ṣeré nínú òjò-dídì. Ẹ̀gbin ti wọ inú omi mímu ìlú náà. Ó lé ní 400 ènìyàn tí ó ṣàìsàn, 3 sì kú. Ìtìjú náà kò kéré fún ilẹ̀ tí ń fi mímọ́ tónítóní yangàn. Ní ọdún 1965, nínú 100 ará ilẹ̀ náà, nǹkan bí 14 péré ni omi ẹ̀gbin ilé wọn ń gba ibi ìwẹ̀nùmọ́ kọjá kí ó tó dé odò. Òfin omi tí ó le jáde ní 1971, a ná owó púpọ̀ sórí rẹ̀, iye náà sì ti ju 95 lọ báyìí. Ní ọdún 1986 wọ́n tún fòfin de fọ́sífeètì nínú ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí pé bí ajílẹ̀ ti ń mú àgbàdo dàgbà ní oko ni ó ń mú ewé omi dàgbà nínú adágún, tí ewé náà yóò sì jẹrà, tí ẹja kì yóò fi rí afẹ́fẹ́ mí.

Ọdún 1986 yìí kan náà ni ohun tí ó burú jù ṣẹlẹ̀. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, iná sọ ní ilé ìpamọ́ kẹ́míkà Sandoz ní Schweizerhalle, lẹ́bàá Basel. Ó ju 1,000 tọ́ọ̀nù oògùn oko àti kẹ́míkà mìíràn lọ tí ó wà níbẹ̀. Omi tí àwọn panápaná fi ń pa iná gbé májèlé náà wọ odò Rhine, odò sì pọ́n bí osùn. Ẹja tí ó gùn bí ejò, tí ó pọ̀ nínú odò náà, kú lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ sí ìsàlẹ̀, dé ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn orílẹ̀-èdè tí odò náà gbà kọjá fohùn ṣọ̀kan lórí ètò láti tún un ṣe. Ẹ̀bi àdúgbò kan ni ó mú àdúgbò márùn-ún jókòó pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ ní Basel lónìí, inú omi tí a rà padà ni ó ń lúwẹ̀ẹ́.

Títí dé ibí yìí, ìyìn tọ́ sí Swítsàlandì. Ó ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní Engadine ní ọdún 1914 tí a kì í dọdẹ, tí a kì í gé igi nínú rẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú àwọn òkè Alps. Níbi púpọ̀, ẹni tí ó bá da pàǹtí nù a máa san owó lórí àpò kọ̀ọ̀kan, àṣà tí ìlú St. Gallen bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn wò, ojú a là. Pàǹtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń mú jáde lọ́dún súnmọ́ 700 kìlógíráàmù, ó sì wà lára èyí tí ó pọ̀ jù ní ayé. Wọ́n mọ pàǹtí kó dáradára. Wọn kò tíì mọ bí a ti ń dín in kù.

Ní ilẹ̀ náà, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń dìbò lórí ọ̀ràn ńlá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, a bi wọ́n bóyá kí a fòfin de oògùn oko tí a fi kẹ́míkà ṣe. Nínú 100 olùdìbò, nǹkan bí 60 kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ òfin tí ìbá mú owó epo ọkọ̀ ga kí èéfín lè dín kù. Ní 2023 wọ́n gba òfin mìíràn pé èéfín ilẹ̀ náà níláti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ó bá fi di ọdún 2050, ṣùgbọ́n òfin yìí fi owó ran ènìyàn lọ́wọ́, kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, nígbà tí a tún bi wọ́n bóyá kí a fi ilẹ̀ púpọ̀ sí i sílẹ̀ fún ẹranko àti ewéko, nǹkan bí 63 nínú 100 kọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n wà ní iwájú nínú kíkọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a gàn wọ́n. Ẹni tí kòkòrò ti jẹ ìrè rẹ̀ rí mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Síbẹ̀ àjẹkù oògùn chlorothalonil, tí a fòfin dè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ṣì wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè oko wọn, omi náà ni a sì ń fà mu.

Nǹkan tí ó hàn nínú gbogbo èyí ni pé ilẹ̀ náà a máa yára tọ́jú ohun tí ó bá wó lé e lórí fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ìpalára bá jìnnà, tàbí tí kò bá tíì dé, ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra. Yìnyín ńlá tí ó ti wà lórí àwọn òkè rẹ̀ láti àtijọ́ ń yọ́. Ní ọdún 2022 àti 2023 nìkan, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó lọ. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin kan, tí ó lé ní 2,000, gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, pé ooru ń pa àwọn arúgbó, ìjọba kò sì ṣe tó láti dín èéfín kù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin 2024, ilé-ẹjọ́ dá àwọn ìyá àgbà náà láre. Kí ni àwọn aṣòfin ṣe? Ní oṣù kẹfà wọ́n kéde pé ohun tí ilẹ̀ náà ti ṣe ti tó. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, òkúta àti yìnyín ya láti orí òkè, ó sì bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú abúlé Blatten mọ́lẹ̀. Wọ́n ti kó nǹkan bí 300 ènìyàn kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, nítorí pé àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ òkè náà tọ̀sán-tòru. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó kú. Kì í ṣe ooru nìkan ni a lè dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n abúlé náà ti lọ.

Ó ku ti òkèèrè. Kòkó kì í hù ní Swítsàlandì, òtútù kò jẹ́. Síbẹ̀ òkìkí ṣokoléètì rẹ̀ kan ká ayé, láti inú oko Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà ni púpọ̀ nínú kòkó náà sì ti ń lọ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èéfín tí ohun jíjẹ, aṣọ àti ohun èlò àwọn ará ibẹ̀ ń fà, ilẹ̀ mìíràn ni a ti ń rú u jáde. Ilé tí ó mọ́, tí ààtàn rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, kò yẹ kí a wọn ìmọ́tótó rẹ̀ láti ojú ilé nìkan.

Àpẹẹrẹ tí ó kan àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá jù ni ti paraquat, oògùn apakoríko tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Gramoxone. Swítsàlandì ti fòfin dè é nínú oko tirẹ̀ láti ọdún 1989, nítorí pé ó le jù: ìwọ̀n tí kò ju ẹ̀kún ẹnu kan lọ lè pa ènìyàn, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Syngenta, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Basel, ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ mìíràn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ náà tó dá a dúró pé a kò gbọdọ̀ kó o jáde láti ibẹ̀ mọ́, ọdún 32 lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró fún ara wọn. Òfin náà kò sì mú èyí tí a ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Bí igò rẹ̀ bá ṣì wà nínú ahéré, kí a má ṣe dà á sínú odò, kí a má ṣe fi igò náà bu omi tàbí epo, kí a má sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.