Ta Ló Ní Kí Wọ́n Bá Wa Mú Un Jọ̀lọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí. Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, l'Ékòó, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ni mò ń tẹ̀ sára aṣọ. Lọ́jọ́ kan, màmá àgbàlagbà kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ìsìnkú baba wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. T-shirt funfun 60 ni wọ́n fẹ́, kí àwòrán baba wà níwájú, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́yìn: "Ó dàárọ̀ o, ọkọ mi." Màmá fúnra wọn ló yan ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ṣe iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Lójú fóònù, ó rẹwà. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n wá kó o, màmá gbé ọ̀kan sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, oko wo ni mo ní tí mo ń kí pé ó dàárọ̀?"

Èmi náà wò ó. Àmì ìsàlẹ̀ méjèèjì ti pòórá. Ọkọ ti di oko. Obìnrin tó fẹ́ dágbére fún ọkọ rẹ̀, oko ló ń kí lẹ́yìn ọgọ́ta èèyàn.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo fi owó ara mi ra T-shirt míì, mo sì fi òru tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bi tèmi ni pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn fi àmì sí i. Mo padà wo àwòrán tó fi ránṣẹ́, àmì wà níbẹ̀. Ta ló wá yọ ọ́? Kì í ṣe èmi, kì í ṣe òun. Ẹni tó yọ ọ́ kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Inú sọ́fítíwíà ló jókòó sí, orúkọ rẹ̀ sì ni anti-alias.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà dà bí aṣọ òfì. Àwọn ihò kéékèèké tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni, píksẹ́lì là ń pè wọ́n, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gbà. Bí ẹ bá wá fẹ́ fa ìlà dàgẹ̀rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ lẹ́tà "o" tó yípo, àwọn ihò yìí ò lè tẹ̀. Etí rẹ̀ á wá rí bí àtẹ̀gùn. Àwọn onímọ̀ wá ọgbọ́n sí i. Frank Crow kọ ìwádìí tó lókìkí lórí rẹ̀ ní 1977. Ọgbọ́n náà ni pé, níbi tí dúdú ti fẹ́ kan funfun, kí kọ̀ǹpútà kun àwọn píksẹ́lì etí ní àwọ̀ eérú. Èyí tí dúdú gba ìdajì rẹ̀ á di eérú tó wà láàárín, èyí tí dúdú kàn fọwọ́ kàn á di eérú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Téèyàn bá wò ó láti òkèèrè, ojú á gbà pé etí náà jọ̀lọ̀. Ẹ̀tàn ni, àmọ́ ẹ̀tàn tó dáa ni. Lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù, n ò bá a jà.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni orí yíǹkì. Yíǹkì dúdú ò mọ eérú. Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń fi ògì kẹ́míkà kan pa síkírínì, tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á le. A ó tẹ iṣẹ́ náà ní dúdú sórí pépà fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní tracing, a ó gbé e lé síkírínì, a ó tan iná sí i. Ibi tí dúdú bá wà, ìmọ́lẹ̀ ò ní dé ibẹ̀, kẹ́míkà ibẹ̀ á rọ̀, omi á fọ̀ ọ́ kúrò, ibẹ̀ ni yíǹkì á sì gbà kọjá. Ó ṣí tàbí kó dí. Kò sí "ó ṣí díẹ̀".

Báwo wá ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe máa ń tẹ eérú sórí tracing? Kò ní eérú nínú ara ẹ̀, dúdú nìkan ló ní. Á wá fọ́n tóótòòtó dúdú wínníwínní káàkiri, kí ojú lè rò pé eérú ni. Ìmọ́lẹ̀ á yọ́ wọ abẹ́ àwọn tóótòòtó yẹn, kẹ́míkà á le, omi ò ní rí i fọ̀, ihò á dí. Etí iṣẹ́ á gé jágajàga, ohun tó bá sì kéré á pa rẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: kí ló kéré jù nínú ìwé Yorùbá? Àmì ìsàlẹ̀ ni. Ká ní lẹ́tà kan ga tó píksẹ́lì 20, àmì abẹ́ rẹ̀ lè má ju ọ̀kan àbọ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ píksẹ́lì kan àbọ̀ ò ní àárín. Gbogbo ara rẹ̀ ni etí. Nítorí náà, nígbà tí anti-alias bá dé orí "o" ti Gẹ̀ẹ́sì, etí rẹ̀ nìkan ló máa fọwọ́ kàn. "O" á ṣì jẹ́ "o". Nígbà tó bá dé orí "ọ" tiwa, ó lè gbé odindi àmì náà mì. Ọ̀rọ̀ mi nìyí o. Àwọn tó sọ mímú etí jọ̀lọ̀ di àṣà fún gbogbo ayé, èdè tí gbogbo ara lẹ́tà rẹ̀ tóbi ni wọ́n ń wò. Wọn ò bi èdè tó ń gbé ìtumọ̀ rẹ̀ sínú kíún.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí plugin wà?" Ó wà. Fún Photoshop àti GIMP, àwọn èèyàn ti kọ plugin kéékèèké tó ń yọ eérú etí kúrò. Á wo píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ìwọ, dúdú lo sún mọ́ jù, di dúdú, ìwọ, funfun lo sún mọ́, di funfun." Àwọn tó ń ya ìwé eré alápèjúwe nílò rẹ̀ gan-an, torí bí wọ́n bá da àwọ̀ sínú ìlà tó ní eérú létí, ìlà funfun tín-ínrín á ṣẹ́ kù yí i ká bí ọ̀ṣẹ tí wọn ò ṣàn kúrò. Àwọn tó ń ya àwòrán géèmù oníhò kéékèèké nílò rẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ya iṣẹ́ ọnà sára agbádá nílò rẹ̀. Èmi náà ń lò ó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló dé tó fi jẹ́ plugin? Ẹnì kan ba ọbẹ̀ jẹ́, ẹlòmíì wá ń ta ṣíbí tí a ó fi máa ṣa iyọ̀ kúrò nínú ẹ̀. Ẹni tó kọ plugin ò jẹ̀bi, ó ṣàánú wa ni. Ẹni tó da iyọ̀ láì béèrè ni mò ń bá wí. Nínú Photoshop, bẹ́ ẹ bá mú irinṣẹ́ tí a fi ń gé àwòrán, wọ́n ti fa àmì sínú àpótí anti-alias sílẹ̀ dè yín. Ọ̀rọ̀ kíkọ ní ẹ̀yà bíi Sharp, Crisp, Strong àti Smooth. None, tí kì í mú un jọ̀lọ̀ rárá, ẹ gbọ́dọ̀ fúnra yín wá a lọ. GIMP náà ti fa àmì sínú àpótí tiẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù orí fóònù tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ṣiṣẹ́, n ò tilẹ̀ rí àpótí náà. Wọn ò béèrè ohun tí a fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n kàn gbà pé ojú kọ̀ǹpútà ni gbogbo àwòrán ń kú sí.

Àwọn baba wa tó ń gé páànù fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ̀ ọ́. Ibi tí kò bá sí, aró á wọ̀ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá gé àyíká òdòdó tán láì fi afárá sílẹ̀, àárín rẹ̀ á já bọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń ro ibi tí iṣẹ́ ń lọ kí ọ̀bẹ tó kan páànù. Ohun tó bá kéré jù, wọ́n á gé e tóbi. Iṣẹ́ ọnà tó mọ ohun èlò rẹ̀ nìyẹn.

Mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwa tí à ń lo plugin náà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé egbòogi ni: tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 0 tó jẹ́ dúdú kirikiri dé 255 tó jẹ́ funfun báláú, àárín gbùngbùn ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gé e. Àmì ìsàlẹ̀ tó ti ṣá di 150 á bọ́ sápá funfun, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Plugin tó yẹ kó gbà á là ló pa á. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń sún ibi tí mo ti ń gé e lọ sókè, bóyá 180, kí 150 lè rí ibi sá sí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má gé e kẹ́ ẹ tó fẹ̀ ẹ́. Eérú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìròyìn ni. Píksẹ́lì tó jẹ́ pé ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ló dúdú ń sọ fún yín ibi tí etí náà gbà kọjá gan-an. Bẹ́ ẹ bá sọ àwòrán náà di ìlọ́po mẹ́rin ní ìbú àti ní òró, kẹ́ ẹ tó wá gé e, ìròyìn yẹn á di etí mímú tó wà níbi tó yẹ. Bẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gé e, àtẹ̀gùn lẹ máa fẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ya lẹ́tà kó tó kà á.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá máa sọ: "Ẹ ní kí wọ́n fi vector ránṣẹ́." Òótọ́ ni. Vector ò ní píksẹ́lì nínú, òun ló dáa jù. Àmọ́ ṣé màmá tó ń ṣọ̀fọ̀ ni mo fẹ́ rán lọ wá vector? Ohun tí oníbàárà bá ní ló máa ń gbé wá, ìyẹn sì ni àwòrán orí WhatsApp, tí WhatsApp fúnra ẹ̀ ti fún pọ̀ kó tó dé ọwọ́ mi.

Àwọn kejì ló ń bí mi nínú. Wọ́n á ní, "Ẹ kọ ọ́ láì fàmì sí i, ẹni tó bá ń kà á á mọ̀." Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ Yorùbá tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1875, títí dé àwọn ìgbìmọ̀ tó tún un ṣe lẹ́yìn òmìnira, àwọn àgbà jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n fẹnu kò. Ẹ̀rọ wá dé, ó ní àmì ti kéré jù, àwa náà sì ń sọ pé, "Kò burú." Ó burú! Màmá yẹn mọ ohun tí àwọn fẹ́ sọ. Wọn ò nílò ẹni tó máa méfò rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí i lẹ́yìn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kí ni mo wá ń béèrè? Ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí sọ́fítíwíà bi wá ká tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ojú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ yìí ń lọ, àbí orí yíǹkì? Èkejì, kí plugin tó ń yọ eérú jẹ́ ká fúnra wa yan àwọ̀ tó kù àti ibi tí a ti fẹ́ gé e, kó sì fi àbájáde hàn wá ká tó gbà. Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù: kó ka gbogbo tóótòòtó tó dá dúró kó tó gé e, kó tún kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá di òdo, kó pariwo. Kò ju ìṣirò lọ. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á fi ṣe é.

Ẹ má sì jẹ́ ká dúró de àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè. GIMP, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní 1995, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Python lè kọ plugin fún un. Àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n kún Yábàá àti Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀kan nínú yín kọ eléyìí, kẹ́ ẹ sì fi "ọ" dán an wò kẹ́ ẹ tó fi "o" dán an wò.

Ní tèmi, kí n tó tan iná sí síkírínì báyìí, mo máa ń gbé tracing sókè sí ojú fèrèsé, màá fi ìka ka àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì ka ọ̀rọ̀ náà síta bí ẹni ń kàwé fún arúgbó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí màmá kó T-shirt tuntun tán, tí wọ́n yà sẹ́yìn, tí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn tó bàjẹ́. Mo ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, màá máa wọ̀ ọ́ lọ sóko."