Ẹ Jẹ́ Ká Dán Irúgbìn Wò Kó Tó Di Ìjà

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń gbọ̀nà bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ata tàbí tòmátì sóko lóṣù Kẹrin, ìparí oṣù Kejì yìí ló yẹ kó ti da irúgbìn sórí ebè kékeré lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, nítorí pé ata ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó ṣeé tú lọ gbìn sínú oko. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tètè sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ èṣí má baà tún ṣẹlẹ̀.

Gbogbo wa ló mọ ọ̀rọ̀ èṣí. Ọmọ ẹgbẹ́ kan yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra irúgbìn tàtàṣé ní ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn. Ó dà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mélòó kan péré ló yọrí. Òǹtajà ní olóko kò bomi rin ín dáadáa. Olóko ní òkú irúgbìn ni wọ́n tà fún òun. Ìpàdé méjì la fi parí ìjà náà, àbí ká kúkú ní a kò parí rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Èlé orí owó kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Lójú tiwa, ẹgbẹ́ gan-an ló jẹ̀bi. A ń yá èèyàn lówó ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò, bẹ́ẹ̀ irúgbìn tó yè àti èyí tó ti kú, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Kí òǹtajà ka hóró 100 nínú agolo kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí, kí ó tò ó sórí aṣọ òwú tí a rẹ sómi tí a sì fún, kí ó ká a, kí ó fi sínú ọ̀rá, kí ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ilé. Kí aṣọ má gbẹ, kí omi má sì dá sí i. Tòmátì á hù láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Ata lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má kánjú dá a lẹ́bi. Bí 80 bá hù, ó dára. Bó bá jẹ́ 50, kí owó rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹni tó rà á sì dà á kó pọ̀. Bó bá jẹ́ 20, ẹ dà á nù, ẹ jọ̀ọ́. Kí a kọ iye yẹn àti ọjọ́ tí a kà á sára agolo.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń kùn pé hóró 100 irúgbìn olówó gọbọi kì í ṣe ohun àfiṣòfò. Òótọ́ ni. Ẹ ka 25, kí ẹ sọ iye tó hù di ìlọ́po mẹ́rin.

Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa irúgbìn. Agolo tí ilé iṣẹ́ dí pa kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣí i, tí a ń fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀, tí ó sì jókòó sórí pẹpẹ lábẹ́ páànù gbígbóná, ikú ti ń wọlé. Ti àlùbọ́sà ló tún máa ń yá kú jù. Ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí líle, níbi tútù, ló yẹ kó wà.

Ewédú nìkan la bẹ̀ yín kí ẹ má fi aṣọ tútù dá lẹ́jọ́ lásán. Òun kò kú, èèpo rẹ̀ ló le, omi kì í wọ̀ ọ́. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n: wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, wọ́n á yọ ọ́ kíá sínú omi tútù. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ti tó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kà á.

Ẹ̀yin olóko náà, ẹ má rò pé òǹtajà nìkan la dojú kọ. Bí 80 bá hù nínú aṣọ, tí 10 péré yọ lórí ebè yín, ọwọ́ yín ni ká wò: bóyá ẹ bò ó jinlẹ̀ jù, tàbí èèrà kó o, tàbí ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á kí ẹ tó rántí imọ̀ ọ̀pẹ.

Òfin irúgbìn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2019 lòdì sí títa ayédèrú irúgbìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò ránṣẹ́ pe ìjọba nítorí agolo kan? Ohun tí a ó gbé síwájú ìpàdé tó ń bọ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ má ṣe fọwọ́ sí owó irúgbìn láti ṣọ́ọ̀bù tí kò bá kọ iye sára agolo rẹ̀. Kí àwọn òǹtajà wá bá wa jiyàn. Kí wọ́n sì mú aṣọ wọn dání, ká jọ kà á.